Àdìrẹ tí Àǹtí Aláró ò rí parí: báwo la ṣe máa parí rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé?

ỌmọBẹẹrẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Àǹtí Aláró ti Òkè Mápó ní Ìbàdàn. A ti ṣe fídáù. Àdúà ogójì ọjọ́ ló kù, ọjọ́ 32 ló sì kù kó pé.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lánàá, wọ́n ní kí n bá àwọn bi yín léèrè. Ìkòkò aró méjì wà níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ. Ìṣù èlú, ewé aró tí a gún tí a sì ṣù, wà nínú àpò, a kà á, ó tó 200. Aṣọ funfun kan wà lórí tábìlì tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí, ẹ̀kọ láfún tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ. Ìbàdàndùn ni àwòrán rẹ̀, irú èyí tó máa ń ya Ilé Kòkó sí láàárín òpó gbọ̀ngàn Mápó. Àpótí 28 ló pín aṣọ náà sí, mẹ́rin ní ìbú, méje ní gígùn. Ó ti ya 23. Márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ ṣófo. Abala mìíràn tún wà tó ká mọ́ ara páìpù, ó fi ọ̀rá wé e, a ò tíì tú u.

Ẹbí fẹ́ kí á parí aṣọ náà, kí á rẹ ẹ́ láró, kí wọ́n fi bo àga tó máa ń jókòó sí lọ́jọ́ àdúà. Àwọn ọ̀rẹ́ 12 náà fẹ́ ró irú rẹ̀, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún. Ẹnì kan ti ní kí á kúkú lọ tẹ fọ́tò rẹ̀ sára aṣọ kó lè yá. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Obìnrin tó kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tó ń lò sára páálí, tó gbé e kọ́ ara ògiri kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè dà á kọ, kò yẹ kí á fi aṣọ ẹ̀rọ ṣèrántí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀?

AláróÒjé

Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ là, inú rẹ̀ sì mọ́.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìyẹ́ o. Ara aṣọ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ẹ̀kọ tó ti gbẹ tó sì pẹ́ nílẹ̀ kì í dúró bó ṣe wà.

Aáyán àti eku ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Oúnjẹ ni láfún lójú wọn. Ẹ na aṣọ náà sókè níwájú oòrùn, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà yóò ṣú díẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ yóò mọ́ gbòò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fẹ́lẹ́ sàmì sí i láti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tó ti sán. Bí ẹ bá ṣẹ́ aṣọ náà po, ẹ̀kọ á sán, aró á sì gba ojú ibẹ̀ wọlé. Ìlà wẹ́wẹ́ á wá fọ́n káàkiri ibi tó yẹ kó funfun. Nítorí náà, ẹni méjì ni kó máa gbé e, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá máa ká a, ara páìpù fífẹ̀ ni kí ẹ ká a mọ́ bí òun náà ti ṣe, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ sáàárín.

Bó bá sì ti bu, ẹ má fi omi nù ún. Ẹ sá a fún wákàtí méjì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìbu náà kúrò. Omi á tú ẹ̀kọ.

Ibi tó bá sán tàbí tí wọ́n jẹ, ẹ̀kọ tuntun tó ṣàn díẹ̀ ni kí ẹ fi orí ìyẹ́ tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan.

ÌyáẸlẹ́kọ_Bódìjà

Ẹ kú ìrójú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tó wà lára páálí yẹn nìyí, kí ẹni tí kò rí i dà kọ lè rí i. Agolo mílíìkì ló fi ń wọn gbogbo rẹ̀, nítorí kò sí ilé tí agolo mílíìkì kì í sí. Òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́ kò sí nílé gbogbo ènìyàn, kò sì fẹ́ kí owó ìyẹn dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Láfún funfun tí kò ní iyanrìn, agolo 4. Omi, agolo 20. Álọ́ọ̀mù tí a lọ̀ kúnná, ṣíbí ìjẹun kan tí orí rẹ̀ tẹ́jú.

Ẹ fi omi tútù agolo 8 po láfún náà, kí ẹ fi gèlè àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Má ṣe fo èyí o. Ègé kékeré kan tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á há sí ojú ìyẹ́, ìlà á pín sí méjì. Ẹ gbé omi agolo 12 tó kù kaná. Bó bá hó, ẹ da èyí tí ẹ sẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ẹ dín iná kù. Yóò funfun ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú yóò máa dán bí ògì tó jinná. Ìgbà yẹn ni kí ẹ da álọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 5 sí i, kí ẹ sọ̀ ọ́.

Ẹ fi ọ̀rá bò ó mọ́ ojú kó tó tutù. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, yóò so awọ lójú, awọ yẹn á sì máa já sínú iṣẹ́ yín.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi ìyẹ́ fa ìlà kan sórí àkísà funfun, kí ẹ ka ení dé ogún. Bí etí ìlà náà bá tàn, ó ti ṣàn jù, ẹ dá a padà sórí iná kó fà sí i. Bó bá ga sókè bí ẹ̀bà, ó ti ki jù, yóò sán bó bá gbẹ. Fún àpótí 5 tó kù yìí, ìṣòro wà níbẹ̀: bí ẹ̀kọ yín bá fẹ́lẹ́ ju tirẹ̀ lọ, àwọn àpótí yín á gba aró díẹ̀ wọlé, wọn á ṣú lójú ju 23 tirẹ̀ lọ. Ẹ fi ìka kan ibi tó yà kí ẹ mọ bó ṣe nípọn tó, kí ẹ tún dán tiyín wò lórí ègé aṣọ kan nínú aró kí ẹ tó fọwọ́ kan ojúlówó.

Àwọn kan máa ń fi òkúta búlúù sí i kó má baà kan. Kò fi sí tirẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má fi sí i. Májèlé ni.

Kékeré_Mápó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Mo ní èrò kan. Ṣé ẹ ò rò pé kí á fi àpótí márùn-ún yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà? Kí ó funfun báyìí, kí gbogbo ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dé.

AláróÒjé

Àbúrò, èrò náà wọni lára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà ló ń funfun. Ibi tí kò bá sí ẹ̀kọ, aró ló máa mu ún. Bí ẹ bá fi àpótí márùn-ún sílẹ̀ lófìfo, dúdú ni wọ́n máa jáde, márààrún. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n funfun, àfi kí ẹ fi ẹ̀kọ bo gbogbo ojú wọn, irú ojú fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń sán jù lọ. Wọn ò ní funfun dáadáa, wọn ò sì ní dúdú.

AyàwòránMọ́kọ́lá

Kó tó di pé ẹ ń jiyàn lórí àpótí òfìfo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú èyí tó wà lára páìpù. Ìró àdìrẹ kan, abala méjì ni, ọ̀pá méjì àbọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó wá rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí a bá ti ya ti àkọ́kọ́ la máa ń ya èkejì. Mo gbà pé ìkejì rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá yẹn, ó sì ti parí ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí.

Fún ẹni tí kò mọ̀: òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, ni àmì tí a fi ń dá Ìbàdàndùn mọ̀, ṣíbí ló sì máa ń wà láàárín àwọn òpó náà. Àwọn ìyá wa ló dá a sílẹ̀. Ohun tí Àǹtí fi kún un ni Ilé Kòkó. Ó mú ṣíbí kúrò nínú àpótí kan, ó fi ilé gíga tí wọ́n parí ní 1965 rọ́pò rẹ̀. Ó wo ohun tí ìlú yìí ní lójú ayé tirẹ̀, ó sì fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó bá nílẹ̀. Àwọn tó wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fún láṣẹ pé kí wọ́n máa yà á tà.

ỌmọBẹẹrẹ

A ti tú u. Òótọ́ lẹ sọ, ìkejì rẹ̀ ni! Gbogbo 28 ló pé, kò sì sán rárá. Àwọn márùn-ún tó wà ní ibi kan náà lára èyí ni òpó Mápó, ṣíbí, pépéyẹ, ewé ẹ̀gẹ́, tó fi mọ́ Ilé Kòkó.

A wo Ilé Kòkó yẹn dáadáa. Ìlà gbọọrọ méjì ló dúró bí ògiri. Àwọn ìlà kéékèèké ló wà láàárín wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. A kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. 26 ni wọ́n. Iye àjà ilé náà gẹ́ẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ àgbà ò mọ̀ pé ó ń ka àjà.

AyàwòránMọ́kọ́lá

Ó ń kà wọ́n o. Kò fo ọ̀kan rí.

Bí ẹ ṣe máa rí i yà nìyí. Aṣọ yẹn ínṣì 36 ní ìbú, nítorí náà àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 9 ní ìbú. Ọ̀pá méjì àbọ̀ jẹ́ ínṣì 90. Bí ẹ bá pín in sí méje, yóò fi díẹ̀ dín ní 13. Ẹ yọ etí kúrò lókè àti nísàlẹ̀, 11 ló kù fún ilé náà. Ìlà 26 nínú ínṣì 11, ó túmọ̀ sí pé àyè ìlà kan sí òmíràn kò tó ìdajì ínṣì. Ìyẹ́ kò lè ṣe é. Ìyẹ́ lẹ fi máa ya ògiri méjèèjì, igi ìgbálẹ̀ lẹ máa fi ya àwọn ìlà àárín. Ẹ gé orí igi ìgbálẹ̀ náà ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀ kó lè rọ̀ kó sì fa ẹ̀kọ.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ sókè. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìlà 13 ní àárín gbùngbùn. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ìlà yín ti ju 13 lọ tàbí tó dín, ẹ mọ ibi tí ẹ máa tún un ṣe. Ẹni tí kò bá sàmì, òkè ló máa há sí.

Ọwọ́ ẹnì kan ni kó ya márààrún. Bí ẹni márùn-ún bá yà á, ó máa hàn.

AláṣọGbági

Mo fẹ́ kìlọ̀ lórí aṣọ tí àwọn 12 yẹn máa rà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́tìnì lọ́jà báyìí ni rọ́bà wà nínú rẹ̀. Aró èlú kì í mu rọ́bà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fa fọ́nrán méjì yọ fún yín, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òró, torí òwú lè wà ní òró kí rọ́bà wà ní ìbú. Ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bí ìwé, yóò di eérú rírọ̀. Rọ́bà á yọ́, á sì di kókó líle dúdú.

Bí ẹ bá rà á tán, kò tíì yá fún ẹ̀kọ. Ilé iṣẹ́ ti fi nǹkan kun ara rẹ̀ kó lè le. Ẹ fi ọṣẹ sè é fún wákàtí kan, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Bí ẹ bá ta omi sí i tó gun orí aṣọ bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ tún un sè. Ẹ má lọ̀ ọ́ pẹ̀lú sítáàṣì o.

Bọ̀dáKẹ́míkà

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ ń fi èlú àti eérú yọra yín lẹ́nu? Ẹ ra aró oníyẹ̀fun pẹ̀lú kẹ́míkà méjì tó ń mú un ṣiṣẹ́, kọ́sítíìkì àti haidirosọ́fáìtì. Láàárín wákàtí kan, aró ti délẹ̀.

AláróÒjé

Òótọ́ ni, bọ̀dá mi, iṣẹ́ gidi ni ìyẹn náà, òun ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó bo ojú, kó sì rántí pé kọ́sítíìkì ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì, yóò hó ta síni lójú. Àmọ́ omi gbígbóná ni ọ̀pọ̀ àwọn aró yẹn ń fẹ́, omi gbígbóná sì ni ọ̀tá ẹ̀kọ. Yóò tú u dànù. Aró tútù la nílò fún iṣẹ́ yìí. Èlú tó ṣù sílẹ̀ ti wà ní 200. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣù wọ́n. Kò yẹ kí á ra òmíràn.

Omi eérú lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ rántí pé Àǹtí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá kọ́ aró. Àpò eérú kan ló máa ń ní kí onítọ̀hún gbé wá láti ilé. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn 12 gbé tirẹ̀ wá. Eérú èèpo kòkó ló dára jù, eérú igi náà dára. Eérú ibi tí wọ́n ti sun ọ̀rá kò wúlò. Ẹ rọ eérú sínú ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀, kí ẹ fi koríko tẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e lé orí òmíràn, kí ẹ máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá kán sílẹ̀ yóò pọ́n bí omi tíì. Bí ẹ bá fi ìka méjì pa á, ó gbọ́dọ̀ yọ̀ bí ọṣẹ. Bí kò bá yọ̀, ẹ dà á padà sórí eérú tuntun.

Ìkòkò kọ̀ọ̀kan gba kẹ́ẹ̀gì 3, lítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣù èlú 100 fún ìkòkò kan, kí ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ẹ bò ó, kí ẹ fi igi rò ó jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Lọ́jọ́ keje, ìfófó yóò bò ó, búlúù tó ń dán bí bàbà, omi abẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n. Bó bá jẹ́ pé búlúù ni omi abẹ́ rẹ̀ náà, kò tíì mu.

Bí aró bá kú, ohun mẹ́ta ló máa ń pa á: omi eérú tí kò lágbára, òtútù, àti ríròjù tó ń kó afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ da omi eérú tuntun agolo 10 sí i, kí ẹ fi àpò wé ìkòkò, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì.

ÌyáÀgbà_Aláró

Mo kí gbogbo yín. Ìyá Mapó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwa obìnrin, á gbè yín. Ọmọ dáadáa ni, kò fi ọ̀nà iṣẹ́ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo aláró ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dín iṣẹ́ kù. Ọ̀pá márùn-ún fún ẹni 12 pẹ̀lú ọjọ́ 32, ìkòkò méjì ò lè gbé e. Abala 24 ni ìyẹn yàtọ̀ sí méjì tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìborùn, abala kan fún ẹnì kan. Yóò wá jẹ́ 14 lápapọ̀. Ìkòkò kan lè yí abala mẹ́rin láàárọ̀: ìṣẹ́jú 10 nínú aró, 30 lójú afẹ́fẹ́, kí òmíràn bọ́ sí i. Mẹ́jọ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ sinmi ìkòkò fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá ṣe mẹ́fà tó kù. Ẹ fi méjì tirẹ̀ sínú ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tí ẹ ti mọ ìwà aró yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, kí aṣọ máa gbẹ mọ́jú. Ẹ má rì í sínú aró pẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 yẹn lọ, ẹ̀kọ á rọ̀. Kí ó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ta á lábàwọ́n. Bí ẹ bá fà á jáde, ewé ló máa jọ. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó pẹrẹsẹ, ojú yín ni yóò ṣe máa di búlúù. Má fún un, má gbé e kọ́ okùn níbi tí ẹ̀kọ wà.

Bó bá gbẹ pátápátá fún ọjọ́ méjì, ẹ rẹ ẹ́ sómi tútù, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ẹ̀kọ kúrò. Ẹ má fi agbára ha á, aṣọ á bó. Ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́.

Mo sì ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ pé iyọ̀ ló ń di aró mú. Iyọ̀ kò di aró èlú mú. Afẹ́fẹ́ ló ń dì í mú. Aṣọ tó ń kun ni lára, ẹni tó rẹ ẹ́ kò dúró de afẹ́fẹ́ ni.

Kékeré_Mápó

Ẹ ṣeun, ìyá. Mo ti lóye. Ṣé mo lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 12? Mo lè gbé eérú àpò méjì wá.

ỌmọBẹẹrẹ

Gbé e wá, àbúrò. A ti gbà pẹ̀lú ẹbí: ìborùn ni. Ọmọ rẹ̀ àgbà ló máa ya àpótí márùn-ún náà, ó ń fi àkísà kọ́ Ilé Kòkó lọ́wọ́ báyìí, ó ti dé ìlà 22 kó tó há. AyàwòránMọ́kọ́lá máa jókòó tì í.

Eérú lọ́la, kí gbogbo yín gbé e dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Àwọn tó ń sè aṣọ, ẹ gbé ìkòkò tiyín wá, kì í ṣe ti oúnjẹ. Páálí rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. A ò ní yọ ọ́.

ÌyáẸlẹ́kọ_Bódìjà

Mo ti sẹ́ láfún. Ẹ bá mi mú ìyẹ́ adìẹ dání, ti apá ni kí ẹ mú, ti ìrù gùn jù.